Má Fi Ọmọ Tọrọ Ọmọ

Abúlé wa, lọ́nà Akanran,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sílífátù ọmọ mi, Àjíkẹ́,

Bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má ṣe jáyà. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ṣàìsàn. Orúnkún mi nìkan ló ń dùn mí, ìyẹn sì ti mọ́ mi lára. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé ìwọ náà ń jẹun?

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. N kò pe tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí mo ti ń kọ́ ìwé kó bá mi kọ ọ́ bí mo ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, fò ó, kí o máa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wá sí Mọ́níyà nígbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn. Mo jókòó sí pálọ̀ bàbá ọkọ rẹ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, n kò rí ààyè sọ ọ́. Nígbà tí n kò rí i sọ, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo ka àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti ọmọ Lásísì tó gba ipò kìíní, mo sọ ti ọmọ Kúdírá tó ti ń ka Kùránì. O dìde, o ní o fẹ́ lọ wo omi tó wà lórí iná. Nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ dé ẹ̀yìnkùlé, kò sí iná kankan níbẹ̀, o kàn dúró ti odi. Mo padà sínú ilé. Dárí jì mí, ọmọ mi. Ẹnu mi máa ń sáré jù bí ó bá kan àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, n kì í sì í wo ẹni tó jókòó tì mí.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi nígbà tí o sìn mí dé ibùdókọ̀ ni. Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ara mi, ó ń pariwo Ìwó Róòdù, o wá fi ẹnu sí mi létí, o ní, “Ìyá, ẹ má dààmú nítorí wa mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ aláìlóbìí ti rí ọmọ obìnrin kan fún wa, ọmọ oṣù márùn-ún. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé tá a bá ti gbé e wọlé báyìí, tiwa á tẹ̀ lé e.”

Mo ní, “Àmín.” Mo wọ ọkọ̀. A kò tíì dé Òjóò tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, kò sì tíì dúró títí di òní.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yín ti rí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti wọ ilé Múfútáù. Àwọn ìjọba ní kí ẹ dá àwọn lóhùn kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gbé ọmọ náà fún ẹlòmíràn. Dókítà tí ẹ lọ rí ní Èkó náà ní inú oṣù yìí kan náà ni kí o bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, torí ọjọ́ orí rẹ ń lọ, kí wọ́n lè yọ ẹyin lára rẹ, kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ níta, kí wọ́n sì dá a padà sí ilé-ọmọ. Ó lè dúró, ó lè má dúró. Agbára yín kò sì gbé méjèèjì pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. N kò fẹ́ bá yín mú un. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí o sọ yẹn, pé tiyín á tẹ̀ lé e, èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tó gbé mi dé.

Ẹ̀yin ọmọ mi mọ̀ pé ó pẹ́ kí n tó bí Lásísì ẹ̀gbọ́n yín. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ọdún mẹ́fà ni mo lò nílé bàbá yín láìlóyún rí. Gbogbo àgbo tí wọ́n bá ní kí n mu ni mo mu. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn egbò igi tí wọ́n ń sè, màá dìde kúrò níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń dá lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Bàbá yín kò bá mi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n kò sì sọ pé kí wọ́n bá mi lọ, torí nígbà náà, wọn kì í bi ọkùnrin léèrè bóyá lára rẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí ó di ọdún kẹfà, ìyá ọkọ mi ní kí n lọ tọrọ ọmọ kan lọ́dọ̀ àwọn ẹbí mi, kí n máa pọ̀n ọ́n, kí n máa fi tọrọ ọmọ. O mọ àṣà náà. Wọ́n gbà pé bí obìnrin bá ń pọn ọmọ ẹlòmíràn, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run á rí i pé ilé náà tura, àwọn náà á wá.

Ìyá Sàlámì, ẹ̀gbọ́n mi tó lọ́kọ sí abúlé kan níhà Ẹgbẹ́dá, ní ọmọ mẹ́fà nígbà náà. Ó mú ìkarùn-ún fún mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ràbíátù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Ràbí tí o mọ̀, Ràbí tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣáṣá, tó gbé odidi àpò kan wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ.

Ọdún mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ mi. Bí a bá ń la kòkó lóko, á jókòó ti òkìtì kòkó náà, á máa lá omi dídùn ara kóró rẹ̀ títí tí gbogbo àgbọ̀n rẹ̀ á fi máa lẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á kàn wá gun ẹ̀yìn mi láìbéèrè, bí mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo ń ṣiṣẹ́. Ìyá ló ń pè mí. Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi ń pè mí ní Ìyá Ràbí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ ọmọ pè mí láyé. Bí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà tí wọ́n pè mí, mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ kí wọ́n lè tún un pè. Kò sí ẹni tó lè sọ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀, Sílífá. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo lóyún, mo bí Lásísì. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ìyá ọkọ mi wọlé wá, wọ́n ní, “Ràbíátù ti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.” N kò bá wọn jiyàn. Mo sọ fún ara mi pé ara mi kò tíì padà bọ̀ sípò, pé ọmọ méjì á pọ̀ jù fún mi. Àwáwí ni. Mo ti rí tèmi, ìyẹn ni òótọ́ ibẹ̀.

Mo fọ gbogbo aṣọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wẹ̀ ẹ́, mo fi òróró pa á lára, mo lé tìróò fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fò sókè. Ó ní, “Ìyá, ṣé Iléyá ti dé ni?” Mo ní, “A ń lọ kí Ìyá Sàlámì.” Ó gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ rù, èmi pọn Lásísì. A rìn dé ibẹ̀.

Gàrí ni ẹ̀gbọ́n mi ń yan. Ó wo ẹrù náà, ó gbé igbá tó fi ń yan án sílẹ̀.

“Ṣé ó jalè ni?”

“Rárá o.”

“Ṣé ó na ọmọ ni?”

“Kò na ẹnikẹ́ni. Mo ti bí tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.”

Ó wo Ràbí, ó wò mí. Ó ní, “Ọmọ yìí kò mọ̀ mí mọ́.”

N kò jókòó. Mo ti rìn jìnnà díẹ̀ tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, Ràbí ni. Mo ní, “Padà.” Ó dúró. Mo ń lọ, ó tún ń bọ̀. Ó ní, “Ìyá, ta ni yóò máa sá ẹní ọmọ sóòrùn?” Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn nílé, òun ló máa ń gbé ẹní tí Lásísì bá tọ̀ sí lọ síta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ògúlùtu kan nílẹ̀, mo jù ú sí i bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọ́. Ìgbà yẹn ló tó dúró.

N kò sọ ọ̀rọ̀ ògúlùtu yìí fún bàbá yín títí wọ́n fi kú. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà Ràbí kò pè mí ní Ìyá mọ́. Bó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á kí mi dáadáa, á ní, “Ẹ káàsán, Ìyá Lásísì.” Ẹ̀yin rò pé bí ọmọ ṣe ń kí àbúrò ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Sílífá, èyí ni ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Bí mo ti rántí wọn ni mo ń kọ wọ́n.

Èkíní. Má ṣe gba ọmọ kankan kó lè bá ọ pe ọmọ wá. Kí ìwọ àti Múfútáù jókòó, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ bi ara yín: bí dókítà bá sọ lónìí pé oyún kò ní sí láéláé, ṣé ọmọbìnrin yìí á tó wa? Kí ẹ má dá a lóhùn kíákíá. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí ìbéèrè náà padà: bí a bá lóyún lẹ́yìn ọdún kan, ṣé òun ni yóò jẹ́ àkọ́bí wa? Àkọ́bí ni mo wí o, ẹni tí wọ́n á máa fi orúkọ rẹ̀ pè yín títí ẹ ó fi darúgbó. Bí ọ̀kan nínú yín bá ṣiyèméjì, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà nísinsìnyí tí kò tíì mọ̀ yín, ju pé kó di ọmọ ọdún mẹ́rin kí ojú yín tó kúrò lára rẹ̀. Ẹlòmíràn á gbà á. Ọmọ oṣù márùn-ún kì í pẹ́ níbẹ̀, bí o ṣe sọ fún mi.

Èkejì. Má rò pé mo lòdì sí ti dókítà. Bó bá jẹ́ oyún gan-an ni ara rẹ ń fẹ́, tí o fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ máa tapá nínú ẹni, kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ojúkòkòrò ni. Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo bi Ààfáà wa léèrè láìdárúkọ yín, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ ti ọkọ àti ti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀, ìtọ́jú bí ìtọ́jú yòókù ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ ti sọ ọ́ láàárín ara yín ibi tí ẹ ó dúró. Èmi kò dá òpin kankan sí tèmi. Bí àgbo kan kò bá ṣiṣẹ́, ẹnìkan á sọ ti òmíràn, màá tún gbéra. Ọdún mẹ́fà lọ báyẹn, n kò gbádùn oúnjẹ, n kò gbádùn ọkọ. Mo máa ń wo àwọ̀ ìtọ̀ ara mi bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. Inú mi dùn pé Múfútáù náà bá ọ lọ, tó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ òun náà wò. Ọkùnrin mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Sọ fún un pé mo kí i, pé mo kí i dáadáa.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o máa di aṣọ mọ́ ikùn bí aboyún, kí o lọ jókòó sí Ìlọrin fún oṣù díẹ̀, kí o sì gbé ọmọ náà dé bí ẹni pé o bí i, má gbọ́ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ. Mo sì mọ̀ pé ojú àwọn ará ilé ni ẹ fẹ́ fi bò. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa ṣọ́ irọ́ yẹn lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá bọ́ lẹ́nu ẹnìkan níbi ìjà obìnrin méjì, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Sọ fún un láti kékeré. Sọ ọ́ nígbà tí o bá ń di irun fún un, bí ẹni ń sọ ohun tí kò le.

Ti bàbá ọkọ rẹ ń kọ́? Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ náà. Má bá wọn jà. Mo bi Ààfáà ní ìyẹn náà. Wọ́n ní láàdá ńlá wà nínú títọ́ ọmọ aláìlóbìí, àmọ́ kí ẹ má sọ pé ẹ̀yin lẹ bí i, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún ni, kí ẹ fún un ní tirẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Jẹ́ kí Múfútáù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún bàbá rẹ̀. Ìwọ má dá sí i. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ló sọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó ni kò rí bí, tó wá ń kọ́ wọn lẹ́sìn.

Ibí ni mo fẹ́ dánu dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, ojú tì mí pé mo ń sọ ìtàn ẹni tó wà láàyè láìjẹ́ kó mọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá Ràbí ní Ṣáṣá.

Mo bá a níbi tí obìnrin kan ti ń fọwọ́ tẹ àlùbọ́sà rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Ràbí ní, “Ìyá, àlùbọ́sà ni o, ibà kò mú un, ẹ yé fọwọ́ wò ó lára.” Obìnrin náà ní, “Ó ti rọ̀ ni.” Ràbí ní, “Ìka yín ló rọ̀.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì rà á. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá Lásísì! Ṣé kò sí o?” Ó nu àga fún mi.

Mo sọ fún un pé mo ń kọ̀wé sí ọ, pé mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà náà. Mo ní kó jẹ́ kí n kà á sí i létí. Ó ní, “Ẹ ti wá mọ̀wé báyìí!” Mo kà á. Ó ń bó èèpo àlùbọ́sà, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo dé ibi ògúlùtu, mo ká bébà náà.

Ó ní, “Ẹ kà á.”

Mo kà á.

Ó ní, “Mo rántí. Ẹ kò mọ nǹkan jù. Ẹ tàsé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún láàárín ọjà, àwọn tó jókòó tì í ń wò mí. Ó ní, “Tó bá bà mí ni, ó ṣeé ṣe kí n ti gbàgbé. Ọgbẹ́ á san. Ẹ nu ojú yín kí wọ́n má rò pé mo lù yín.”

Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí n kò mọ̀ rí. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun wà lọ́dọ̀ mi, àwọn obìnrin ilé wa máa ń sọ fún òun pé ẹsẹ̀ òun dára, pé òun ló máa mú ọmọ wá fún mi. Nítorí náà, nígbà tí Lásísì dé, òun rò pé wọ́n máa túbọ̀ fẹ́ràn òun ni. Ó ní, “Nígbà tí ẹ dá mi padà, mo jókòó, mo rò ó. Mo wá ń gbàdúrà. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ náà kú, kí ẹ lè tún wá mú mi.”

Mo ń wo ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ ọdún méje ni mí, ẹ má wò mí báyẹn. Ọlọ́run kò gbọ́, alhamdulillahi. Lásísì ṣì jẹ mí lówó àlùbọ́sà ọdún Iléyá tó kọjá.” Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ẹ sọ fún Sílífá pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yẹn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dára. Kó má mú nǹkan kan wá. Kó kàn wá ni.”

Mo bi í pé kí ló rò pé kí o ṣe, ọsibítù ni tàbí ọmọ. Ó ní, “Ṣé èmi ni dókítà? Èyí tó bá ṣe nínú méjèèjì, kó ṣe é nítorí ara rẹ̀. Kó má fi ọ̀kan ṣe àtẹ̀gùn dé èkejì.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú rẹ̀ kí n má bàa gbàgbé. Ó ní òun fúnra òun ló máa gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ ní Mọ́níyà, torí náà, bí o bá fẹ́ bi í ní ohunkóhun, bi í. Kò ní bínú.

Ó ku ohun kan, òun ló sì le jù fún mi láti kọ.

Mo ti ń sọ gbogbo èyí bí ẹni pé ìwọ nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Kì í ṣe ìwọ. Bí o bá gba ọmọ náà, tí Ọlọ́run tún fún ọ ní oyún lẹ́yìn rẹ̀, kò dá mi lójú ohun tí ojú èmi máa ṣe. Mo fẹ́ sọ pé mo ti yí padà. Mo ń ka ìwé báyìí, mo sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Ràbí nígbà yẹn náà, ìfẹ́ yẹn kò dá ọwọ́ mi dúró. Bí o bá gbé ọmọ méjèèjì wá sí abúlé lọ́jọ́ kan, tí mo bá ń pín ẹran, máa wo ọwọ́ mi. Bí mo bá fi ẹran tó kéré sí abọ́ ọmọ tí ẹ gbà, bí mo bá pe èkejì ní ọmọ wa tí mo sì pe òun ní orúkọ rẹ̀, bí mo bá gbé ọ̀kan sórí ẹsẹ̀ tí mo sì rán èkejì níṣẹ́, má fi ojú ìyá wò mí. Má ní àgbàlagbà ni. Dìde lójú gbogbo èèyàn, pọn ọ̀kan nínú wọn, mú èkejì lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ. Kí ẹ má padà wá títí n ó fi wá bẹ̀ ọ́ ní Mọ́níyà lórí orúnkún tó ń dùn mí yìí. Mo fún ọ láṣẹ. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa sọ lọ́jọ́ náà pé n kò sọ bẹ́ẹ̀.

Bí o kò bá sì gbà á, tó jẹ́ pé Èkó lẹ ń lọ, ránṣẹ́ sí mi. Màá wá bá ọ jókòó títí wọn yóò fi sọ fún yín bóyá ó dúró tàbí kò dúró. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ dá àwọn ìjọba lóhùn kí oṣù tó parí. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lórí yín láìpinnu, torí ìyẹn náà á dà bíi pé ẹ ti yàn, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ohun tí ẹ yàn.

Èmi ìyá rẹ tí àyà rẹ̀ ń já, tí kò sì fẹ́ kí ẹ̀rù òun pinnu fún yín,

Rúkáyátù.